Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí N Gbá Inú Mi

Wọ́n ní ọmọ ọmọ mi yóò gbé kámẹ́rà mì ní Ọjọ́bọ̀. Òun gan-an ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí èmi ò mọ ìwé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilé ìwé ni ògiri rẹ̀, tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sóko. Kámẹ́rà ọ̀hún kéré. Wọ́n fi sínú kápúsù bíi ti oògùn, yóò máa rìn lọ nínú ìfun, yóò máa ya àwòrán bó ṣe ń lọ, bí àlejò tó wá wo ilé tó fẹ́ gbà. Kó tó gbé e mì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun, àfi omi. Wọ́n sì fún un ní ìyẹ̀fun kan tó ń ta sánsán bí ọsàn pé kó pò ó mu, títí ohun tó bá ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́ bí omi òjò. Láti àná ló ti ń kérora. Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, fáànù ń fẹ́ ẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, ó ní ìyà ń jẹ òun.

Mo ní kó mú bírò. Mo ní bó bá jẹ́ ìyà la fẹ́ sọ, kó jẹ́ kí n sọ tèmi, kó sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí mò ń wí yìí, sójà ló ń ṣe ìjọba. Wọ́n ní ìlú ti bàjẹ́, àwọn wá tún un ṣe ni. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Wọ́n tún un ṣe débi pé ọṣẹ di ohun tí ènìyàn ń wá kiri, mílíìkì di ohun tí a ń ròyìn fún ọmọdé, iyọ̀ di ohun tí ìyàwó ilé ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi kòbókò kọ́ wa bí ènìyàn ṣe ń tò sórí ìlà. A mọ̀ ọ́n tò dáadáa. Ohun tí a ó tò fún ni kò sí. Bí oṣù bá sì parí, ní òwúrọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn; kóówá yóò gbá iwájú ilé rẹ̀, wolé-wolé yóò máa yọjú sí gọ́tà àti ṣáláńgá bí ẹni tó sọ wúrà nù síbẹ̀.

Ọdún yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi. Bí mo bá lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń rí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin ilé wa kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A máa ń dúró kó fúnra rẹ̀ sọ. Ó sì sọ. Mo ṣubú lójú ọ̀nà oko wa ní Àgọ́ Aláyé, pẹ̀lú agbọ̀n kòkó lórí, ọkọ mi sì rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ mi. Ọmọ márùn-ún ni mo ní nígbà náà. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni, òun ló sì bí ìwọ tó ń kọ̀wé yìí, nítorí náà fara balẹ̀ kọ ọ́.

Dókítà kan ní Ọ̀rẹ̀ tẹ̀ mí níkùn, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, ó dárí wa sí ilé ìwòsàn ńlá kan lójú ọ̀nà jíjìn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà tibẹ̀ náà tẹ̀ mí níkùn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti máa hù nínú ìfun mi, pé irú rẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá pẹ́ ká tó gé e, yóò pa ènìyàn. Ó ní àwọn yóò da oògùn funfun kan sínú ìfun náà láti ìsàlẹ̀, ẹ́ksíréè yóò sì ya àwòrán rẹ̀. Mo ní láti ìsàlẹ̀ ibo? Ó ní láti ìsàlẹ̀. Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo òrùlé.

A rò pé ọ̀la ni. Dókítà rẹ́rìn-ín. Oògùn funfun kò sí, fíìmù tí wọ́n fi ń ya àwòrán kò sí. Òkè òkun ló ti ń wá, ìjọba sì ti ní ká gbàgbé òkè òkun. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró, tí mò ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú òfin. Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pé fíìmù dé, àti pé ọjọ́ Ajé ni tèmi, ẹ̀wù mi ti ń jábọ́ léjìká.

Nọ́ọ̀sì ló ka òfin rẹ̀ fún ọkọ mi, ọkọ mi kà á fún mi, ìyá ọkọ mi sì jókòó tì wá, ó ń gbọ́. Láti Ọjọ́bọ̀, mi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀fọ́, mi ò gbọdọ̀ jẹ ohun tó ní hóró. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí n mu òróró lárà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, omi nìkan, omi tí mo bá lè rí ọwọ́ mi nínú rẹ̀; nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ìdí mi. Bí inú mi kò bá mọ́, àwòrán kò ní dára, fíìmù kan ṣoṣo ló sì kàn mí. Kò sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ka ohun tí a ó mú dání: ọṣẹ, òwú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ ìtẹ́lẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ṣẹ́kù díẹ̀ kí wọ́n ní ká mú dókítà dání.

Ìyá ọkọ mi kò tètè gbà. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń fi ebi wo aláìsàn, ṣé aláìsàn kò jìyà tó ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fíìmù fún un, tó ní bí eléyìí bá bàjẹ́ ó lè di oṣù mẹ́ta mìíràn, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Láti ìgbà yẹn ló ti di sójà. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ìyàwó àwọn kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan, wọ́n fẹ́ wo inú rẹ̀. Gbogbo Odigbo ìlú wa ló mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wo inú mi.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, ìparí oṣù ni. Ìjọba ní kí n gbá ìta, dókítà ní kí n gbá inú. Mo gbá ìta láàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo mu òróró lárà, tó ki tó sì ń fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ìjẹta. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ohun tó tẹ̀ lé e. Ṣáláńgá wa wà lẹ́yìn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì lọ, mo bọ̀, títí ajá ilé wa fi ṣíwọ́ gbígbó mi.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ báyìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kòkó tí a ti ká láti ọjọ́ Ẹtì wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òjò ti rọ̀ sí i, ó ti fẹ́ máa dúdú. Àwọn ará ilé dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bọ́ aṣọ ọ̀ṣọ́, wọ́n jókòó yí i ká láti fọ́ ọ. Ìyàwó olóko kì í dùbúlẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn máa bá ọkọ rẹ̀ fọ́ kòkó. Kò sẹ́ni tó ní kí n má dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dùbúlẹ̀ náà. Mo gbé àpótí mi, mo jókòó.

Ẹni tí kò bá gbé inú kòkó rí kò ní mọ èyí. Bí a bá la kòkó, ohun funfun kan máa ń bo èso inú rẹ̀, ó dùn, ó tutù, ó fẹ́ kan díẹ̀. Ẹni tó ń fọ́ kòkó yóò ju ẹyọ kan sẹ́nu, yóò máa pọ́n ọn lá bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí adùn rẹ̀ bá tán, yóò tu èso rẹ̀ sínú agbọ̀n pẹ̀lú ìyókù, nítorí títà ni a ó tà á. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń ṣiṣẹ́. A kì í pè é ní jíjẹ. Bí o bá bi ẹni tó ti ń pọ́n kòkó lá láti àárọ̀ pé ṣé ó ti jẹun, yóò sọ fún ọ tòótọ́-tòótọ́ pé ẹnu òun kò tíì kan nǹkan. Oúnjẹ ni púpurú. Oúnjẹ ni iṣu. Ẹrù ni kòkó.

Nítorí náà mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo ju ti àkọ́kọ́ sẹ́nu. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Mò ń pọ́n ọn lá jẹ́jẹ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi na ọrùn láti òdìkejì, ó ní:

“Ìyàwó, o ò jẹ nǹkan kan, àbí?”

Àgbà kì í bá ni sọ̀rọ̀ kí ènìyàn fi nǹkan sẹ́nu dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó kì í tutọ́ pàá níwájú ìyá ọkọ. Wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé baba mi. Mo gbé e mì, mo ní, “Rárá, Màmá.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún bi mí. Mo tún gbé e mì, mo tún ní rárá. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì yìn mí lójú gbogbo ènìyàn pé òun kò mọ̀ pé mo lágbára báyìí. Mo forí balẹ̀ gba ìyìn náà. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Ẹni tó jẹ nǹkan ló lè sẹ́ ẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà, òun ló fọ ìdí mi. Wọ́n yá wa ní agolo tánganran kan tó ní okùn rọ́bà. Ó ní kí n má dààmú, ọmọ mẹ́sàn-án lòun ti fi ọwọ́ òun wẹ̀ tinú-tòde. Èmi tí mi ò lè tutọ́ níwájú rẹ̀ ní ọ̀sán, èmi ló wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tí mo kọ ìdí sí i. Kò sí òfin ilé baba mi kankan lórí ìyẹn. Ó ń da omi ọṣẹ, ó ń béèrè bó ṣe ń ṣe mí, ó sì ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ohùn. Omi tó ń jáde ní ìkẹyìn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ọkọ mi ní kò sí ìdí tí òun yóò fi wò ó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a wà ní Ọ̀rẹ̀, èmi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò kò tó èrò, sójà kan sì ń to àwa èrò sórí ìlà ní gáréèjì. Òróró lárà kò tíì bá mi parí ọ̀rọ̀. Mo fi ìlà sílẹ̀ lọ sínú igbó lẹ́ẹ̀kan, mo padà. Mo tún lọ. Nígbà tí mo padà lẹ́ẹ̀kejì, sójà náà dúró níwájú mi, ó fi kòbókò júwe ilẹ̀, ó fi pijin sọ pé èmi tí mò ń da ìlà rú, kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Mo ní, “Mo lè fò o, ọmọ mi. Òróró lárà ni dókítà fún mi mu. Bí mo bá fò, ìwọ lo máa gbá ibẹ̀.”

Awakọ̀ kan túmọ̀ rẹ̀ fún un. Sójà náà wo bọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ó wo ojú mi, ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Iwájú ìlà ló fi wá sí. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi tún ìlú ṣe, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí wọ́n tún tèmi ṣe.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo jẹ nǹkan. Mo ní rárá. Ìyá ọkọ mi ní òun fúnra òun lòun ṣọ́ mi. Wọ́n gbé mi sórí tábìlì tó tutù bí òkú, wọ́n da oògùn funfun náà sí mi nínú láti ibi tí wọ́n wí, ọkùnrin ẹ́ksíréè sì ń yí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bí obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí n má mí. Mi ò mí. Ó yà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi pè wá. Dókítà gbé fíìmù náà sí ojú fèrèsé. Inú mi ni mo rí níbẹ̀, funfun, ó ń lọ́ bí ejò. Dókítà nawọ́ sí ibì kan, ó fi òyìnbó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọkọ mi kò wò mí. Ó ní, “Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló ti hù síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ là ọ́ lọ́la.”

Wọ́n gbé ìwé kan wá. Ẹni tí kò mọ ìwé, àtàǹpàkò ló fi ń gbà kí wọ́n la òun. Nọ́ọ̀sì fi íńkì sí mi ní àtàǹpàkò. Mò ń ronú nípa ọmọ tí mo já lẹ́nu ọmú, ta ni yóò máa gbé e sùn. Mò ń ronú pé ó kù ọ̀la. Ìyá ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń sọ láàárín ẹkún pé òun ṣọ́ mi, òun bi mí, òun bi mí títí, mi ò jẹ nǹkan kan.

Ibi tó ti ń sọ pé òun bi mí ni mo ti gbé ọwọ́ mi kúrò lórí ìwé.

Mo ní, “Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bi mí níbi kòkó lánàá?”

Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo bi dókítà bóyá àwọn ohun náà tóbi tó orí àtàǹpàkò mi, bóyá wọ́n gùn díẹ̀, tí wọ́n sì rí pẹlẹbẹ. Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo wolẹ̀. Ó tì mí lójú ju ìgbà tí mo wà lórí ẹní lọ.

“Kòkó ni, sà. Ó wà lẹ́nu mi nígbà tí Màmá ń bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò lè tu ú níwájú wọn.”

Ojú dókítà pọ́n. Ìlú ńlá ni wọ́n bí i sí, kòkó tó mọ̀ ni èyí tó wà nínú agolo. Ó ní ṣé mo mọ iye ènìyàn tó ń dúró de fíìmù yẹn, ṣé wọn kò sọ fún mi pé kí n má jẹ nǹkan ni. Mo rò pé ìyá ọkọ mi yóò fún mi lọ́rùn nítorí ìyìn ọ̀fẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nu ojú rẹ̀, ó dìde.

“Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, kò jẹ nǹkan. Kòkó kì í ṣe oúnjẹ.”

Dókítà ká ìwé náà kúrò. Ó ní òun yóò dúró di Ọjọ́rú. Bí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde, ó dára. Bí wọn kò bá jáde, a jẹ́ pé inú mi ló ti hù, òun yóò sì là á.

Ó wá ku èmi àti póò ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹun báyìí, kí oúnjẹ lè ti ohun náà síwájú, ìyá ọkọ mi sì jáde lọ ra ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ mi. Bí mo bá dìde lórí póò, òun ni yóò gbé e lọ síta pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ tí yóò fi tú u wò. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọlé, ó fi ewé bo nǹkan kan, ó ṣí i. Ẹyọ kan. Oògùn ẹ́ksíréè ti kùn ún ní funfun bí ẹfun. Nírọ̀lẹ́, èkejì jáde. Àwọn aláìsàn tó kù ní wọ́ọ̀dù ti mọ̀, wọ́n ń bá wa kà á. Dókítà yọjú, ó wo méjèèjì. Ó ní mẹ́ta lòun rí.

Mẹ́ta ló rí lóòótọ́. Méjì kò tó. Mo dùbúlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ wá èyí tó kù lórí ikùn mi bí ẹni ń wá owó nínú àpò lókùnkùn. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní bí òun bá mọ̀, òun ì bá má bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní ìbéèrè ọ̀hún ti pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan tó. Mo ní ìwà ọmọlúàbí tèmi náà ti pọ̀ jù. Ó dì mí lọ́wọ́ mú títí mo fi sùn.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ẹ̀kẹta jáde, kí dókítà tó dé. Ìyá ọkọ mi fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n sórí ewé, ó gbé wọn lọ síwájú dókítà, ó kúnlẹ̀ bí ẹni gbé obì fún àna. Dókítà tún gbé fíìmù sójú fèrèsé. Ó wò ó, ó wo ewé. Yàtọ̀ sí mẹ́ta wọ̀nyẹn, ó ní kò sí ohun mìíràn níbẹ̀, inú mi mọ́ ju ti gbogbo ẹni tí òun ti wò lọ́dún yẹn lọ. Ìyá ọkọ mi tún ọ̀jà rẹ̀ so.

Wọ́n mú ìgbẹ́ mi lọ yẹ̀ wò. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, wọ́n ní inú omi odò tí a ń pọn mu ni kòkòrò rẹ̀ ti ń wọ̀ mí nínú. Mo rò ó wò. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, omi nìkan ni wọ́n gbà mí láyè kí n mu, òun gan-an ló sì ń pa mí. Mo lo oògùn wọn, a bẹ̀rẹ̀ sí í se omi wa, kò tó oṣù kan tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo gbé ọmọ mi sẹ́yìn, mo padà sóko.

Ìwọ tó ń kọ̀wé yìí, o ní kámẹ́rà tí o fẹ́ gbé mì wọ́n gan-an, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní bó bá jáde kí o kàn da omi tẹ̀ lé e kó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ lówó. Ìyá ọkọ mi kò fi tiwa ṣòfò. Ó pọ́n kòkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ewé, ó gbé wọn wá sílé, ó sá wọn mọ́ ìyókù lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n gbẹ, èmi pàápàá ò lè dá wọn mọ̀ mọ́. Ẹni tí ìjọba rán wá yẹ kòkó wò ti ọwọ́ bọ àpò wa, ó la díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó mọ́ tónítóní, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n kó o lọ sí òkè òkun, ibi tí oògùn funfun ti ń wá. Àwọn tibẹ̀ ló ń pe kòkó ní oúnjẹ.